Ọmọ mi ọdún 7 ń pàṣẹ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ire (Kúbwà)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 7, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọdún 4. Aago 5:45 àárọ̀ ni èmi àti bàbá wọn ti máa ń jáde nílé nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ tó wọ inú ìlú Abuja, a kì í sì í padà délé ṣáájú aago 7 alẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń wọṣọ fún wọn, òun ló ń sìn wọ́n lọ síbi bọ́ọ̀sì ilé ìwé, òun náà ló ń lọ pàdé wọn lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní yàrá, wọn ò mọ̀ pé mo ti jí. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi ní pálọ̀: "Ṣé o ò gbọ́ ni? Gbé omi wá! Màá sọ fún mọ́mì kí wọ́n lé ẹ lọ." Omi tó ń bèèrè wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bó bá na ọwọ́, yóò tó o. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ló ń sọ ọ́ sí. Ọmọbìnrin yẹn ò fèsì, ó gbé omi náà fún un. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi kú tán.

Ohun tó dùn mí jù ni ohùn tó fi sọ ọ́. Ohùn tèmi ni.

Mo bá a wí gidigidi. Ó ní "sọ́rì", ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún ṣe é. Bàbá rẹ̀ ní ọmọdé ni, pé tó bá dàgbà yóò gbọ́n. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láti bá èèyàn gbé pọ̀ dáadáa? Láti ọdún mélòó ni ọmọ sì ti lè máa ṣe nǹkan fúnra rẹ̀? Kò sí ohun tí ọmọ mi ń ṣe nínú ilé yìí. Mo kàn ń rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni.

Ìyá Ìbejì (Lugbe)

Ìyá Ire, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná. Màá padà wá sọ nípa "sọ́rì" yẹn, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ (Jos)

Ìyá Ire, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré ni mo sì kọ́ jù.

Ìbéèrè méjì lẹ bi wá: bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn gbé, àti iṣẹ́ tó lè máa ṣe. Lójú tèmi, ọ̀kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún, tí wọ́n ń bá wọ ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń bá kó àwo kúrò nílẹ̀ títí tó fi pé ọdún 7, kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ni ẹni yẹn ń ṣe. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni àwo máa ń mọ́ fúnra rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dúpẹ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó ń ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Ọjọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tí yẹ̀pẹ̀ pupa ti wọ̀, ọjọ́ náà ló máa mọ ohun tí ojú ẹni tó ń bá a fọ̀ ọ́ ń rí. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún 3 lè kó ohun ìṣeré rẹ̀ padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó lè gbé ife tó fi mumi lọ sí kíṣìnnì. Ọmọbìnrin yín tó jẹ́ ọdún 4 lè to bàtà gbogbo ilé sẹ́nu ọ̀nà, ó lè ka ṣíbí tí ẹ ó fi jẹun, ìṣirò ló ń kọ́ yẹn láìmọ̀. Ọmọ ọdún 7 yẹ kó máa fọ pátá àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó máa fọ àwo tó bá fi jẹun. Ní Jos níbí, tí ọyẹ́ bá dé, eruku kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́ fún wákàtí méjì. Mo máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì mi ní àkísà tirẹ̀ àti fèrèsé tirẹ̀, ẹnì kan kì í nu fèrèsé ẹnì kejì. Iná, gáàsì, ọ̀bẹ tó mú àti omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ má fi lé e lọ́wọ́.

Àìnísùúrù wa ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọmọ ọdún 7 lè fi ogún ìṣẹ́jú fọ àwo kan. Omi á dà sílẹ̀, ọṣẹ á kù létí àwo. Ìyá á ní "fi sílẹ̀ jàre", á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mìíràn á dúró kí ọmọ sùn, á wá tún un fọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ọmọ máa ń mọ̀! Bó bá jí, ó máa wo àwo yẹn, á rí i pé kì í ṣe bí òun ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, á sì gbà lọ́kàn pé iṣẹ́ òun kò wúlò. Ẹ fi àwo sílẹ̀ bó ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí òun gan-an fi í jẹun lọ́jọ́ kejì, kó fi ahọ́n tọ́ ọṣẹ wò. Ìgbà kan péré ló máa tọ́ ọ wò.

Kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ kan tí gbogbo ilé ń dúró dè. Ní kíláàsì mi, ìkòkò omi mímu kan wà, ọmọ kan ló ń pọn omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ kan gbàgbé lọ́jọ́ kan. Mi ò bá a wí, mi ò sì rán ẹlòmíràn. Òùngbẹ gbẹ gbogbo wa títí di àkókò ìsinmi, èmi náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, wọ́n kàn ń wojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, òun ló ń kọ́kọ́ dé ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún bàbá wọn. Ọmọ ọkùnrin máa ń wo bàbá. Tó bá jẹ́ pé bàbá jẹun tán, ó dìde, ó fi àwo sílẹ̀, ẹ ò rí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ tó máa wọ ọmọ yẹn létí.

Alhaja Sábó (Kánò)

Ìyá Ire, ọmọ mi, o kú ìrònú. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan: kí ni ọmọ rẹ ń pe ọmọbìnrin yẹn?

Tó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló ń pè lásán, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Nínú ilé Yorùbá, ẹni tó bá ti jáde sáyé ṣáájú rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ì báà jẹ́ òun ló ń gbálẹ̀ fún ọ. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà ní tiwọn, ọmọ wọn á fi "Yaya" ṣáájú orúkọ ẹni tó jù ú lọ. Kí ọmọ rẹ máa pè é ní àǹtí, kó sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Kí ìwọ náà sì wo bí o ṣe ń pè é láti òkè ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ọmọ ọmọ mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa láti Abuja, ọmọ ọdún 8 ni nígbà náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ti kúrà rẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó fi ń kó omi, dé ẹnu ọ̀nà wa, kẹ́ẹ̀gì kún orí rẹ̀. Ọmọ yìí pariwo láti ojú fèrèsé: "Àbókí, o ti pẹ́ jù!" Ọkùnrin yẹn tó bàbá rẹ̀ bí. Ara mi bù máṣọ. Mo pè é wọlé, mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní àbókí. Ó ní ẹni tó ń ta omi ni. Mo ní rárá o, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè Hausa, ṣé bó o ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ó wolẹ̀.

Mo mú un lọ́wọ́, a jáde pọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i: "Ina kwana, Baba." Mo ní kó bèèrè orúkọ rẹ̀, ó bèèrè. Ọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Ó ní òun ní ọmọ tó tó báyìí ní Katsina, pé ọmọ náà fẹ́ràn ìwé. Láti ọjọ́ yẹn títí ọlidé fi parí, bí ọmọ ọmọ mi bá ti gbọ́ ìró kúrà, á sáré lọ ṣí ìdérí dírọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí ó tó dé, kó má baà dúró pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Abuja níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti pàdé. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín nínú mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá dí, tí ẹ ń bú awakọ̀ iwájú, tí ẹ ń fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u, ọmọ wà lẹ́yìn tó ń gbọ́. Ó máa gbé e lọ sí ilé ìwé, ó máa fi pe ọmọ tí wọ́n jọ jókòó. Ẹ óò wá máa bèèrè pé ta ló kọ́ ọ.

Bàbá Kàdúná

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n mo rò pé a ti ń gbé ọmọ lé orí jù. Nígbà tiwa, bí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹni tó jù wá lọ, pàṣán ló máa dáhùn, a ò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìyá Ire, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà tó máa yé e.

Bàbá Olùkọ́ (Jos)

Bàbá Kàdúná, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà lo pàṣán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ tí mo nà nítorí irọ́, kò fi irọ́ sílẹ̀, ńṣe ló kọ́ bó ṣe máa pa á tí mi ò fi ní mọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tọmọ yìí. Ó ti gbà pé ẹni tó lágbára ló ń pàṣẹ, ẹni tí kò lágbára ló ń gbọ́. Bí bàbá tó lágbára jù ú lọ bá wá nà án, ìyẹn náà ló tún kọ́ ọ. Ó máa dákẹ́ níwájú bàbá. Ọmọbìnrin yẹn ni yóò jìyà rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti jáde ní aago 5:45.

Bàbá Kàdúná

Mo gbọ́, sà. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin yẹn tí ẹ sọ, mi ò rò ó débẹ̀.

Lọ́yà Gwarinpa

Ìyá Ire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ ọ̀dọ̀ yín?

Ìyá Ire (Kúbwà)

Ọdún 14 ni. Ìbátan ọkọ mi ni, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ló bí i. Láti abúlé ni wọ́n ti mú un wá. Ó ka ìwé mẹ́fà tán kó tó wá. A ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé tó bá di oṣù kẹsàn-án, yóò wọ JSS 1. Oṣù kẹsàn-án méjì ló ti kọjá báyìí.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ń rí i bó ṣe rí.

Lọ́yà Gwarinpa

Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka ibí mọ ohun tí òfin wí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 múlẹ̀ ní Abuja. Lójú òfin yẹn, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Abala 28 sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ibi tí kì í ṣe ilé tàbí àárín ẹbí rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ilé fẹ́ẹ́rẹ́ láàyè láàárín ẹbí. Ẹ lè sọ pé ìbátan ni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti aago 5 àárọ̀ títí di alẹ́ pẹ̀lú ọmọ méjì kì í ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan, ti ọdún 2004, tún sọ pé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ ka ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS parí. Ọrùn ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ojúṣe náà wà.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin kò sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn kan máa ń fi "ẹ̀tọ́ ọmọdé" gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo nǹkan. Abala 19 nínú òfin kan náà ka ojúṣe ọmọ: kó ṣiṣẹ́ fún ìṣọ̀kan ẹbí rẹ̀, kó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà. Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n ṣe ní 1990, sọ irú rẹ̀ ní abala 31. Nínú ilé yín, ọmọ ọdún 14 ló ru ojúṣe gbogbo ilé, ọmọ ọdún 7 kò ru ọ̀kan. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ tún pín.

Nọ́ọ̀sì Mínnà

Ẹ kú ọgbọ́n o, gbogbo yín. Ibi tí ó ń já mi láyà nìyí: Ìyá Ire ní ọmọ ọ̀dọ̀ ń wẹ̀ fún ọmọ ọdún 7. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún 7 ti tó ẹni tó ń dá wẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ó máa ti ilẹ̀kùn dá wẹ̀. Mi ò fura sí ọmọbìnrin náà rárá. Òun náà ní ìtìjú tirẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ rere tún kan mímọ èyí tí kò dára. A ti kọ́ ọmọ wa pé kó gbọ́ ti gbogbo àgbà, ó sì dára kí ọmọ níwà, ṣùgbọ́n ẹ fi ààlà sí i. Ẹ sọ fún un pé ara rẹ̀ ni tirẹ̀, pé ibi tí pátá bò, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án àfi tí ara rẹ̀ kò bá yá, tí mọ́mì tàbí dádì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bí àgbà bá ní "má sọ fún mọ́mì", ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mọ́mì nìyẹn. Kò sí àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí yọ sílẹ̀: kì í ṣe búọ̀dá àdúgbò, kì í ṣe olùkọ́ ẹ̀sìn, kì í ṣe ìbátan. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ kí àlejò dáadáa, kó má sì jókòó sórí itan rẹ̀ bí kò bá fẹ́. Ìkíni ti tó.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ nídìí ẹ̀rọ alàwòrán lójúmọ́. Èyí kan àbúrò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Lugbe)

Mo ti dé. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 6. Ìjà tó pọ̀ jù nínú ilé mi ni ta lẹ̀gbọ́n. Táíwò á ní òun lòun kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé á ní òun lẹ̀gbọ́n tó rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà di eyín, Kẹ́hìndé bu Táíwò jẹ lápá. Èmi náà máa ń sọ pé "oyá, sọ sọ́rì!", wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu èkùrọ́ dànù.

Mo yí i padà. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í sọ ọ̀rọ̀ kan kó máa lọ. Ó máa wá, ó máa kúnlẹ̀, ó máa sọ ohun tó ṣe. Ní ilé mi báyìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó ṣẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe gan-an, "mo bu ọ́ jẹ lápá", kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kẹ́hìndé ló lọ gbé omi àti ìpara wá, òun ló pa á sójú ibẹ̀, ó sì rí àmì eyín rẹ̀ nítòsí. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mi ò nà án o.

Mi ò ní fipá mú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kó sọ pé "kò burú" lójú ẹsẹ̀. Táíwò bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi í sílẹ̀.

Dádì Ṣadé (Karu)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dára kí n máa fún ọmọ mi ní ₦100 tó bá fọ àwo?

Alhaja Sábó (Kánò)

Àwo tó fi jẹun? Rárá o. Tó bá bá ọ fọ mọ́tò, o lè fún un lẹ́bùn.

Ìyá Ire (Kúbwà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje ló ti kọjá. Mo ti jíṣẹ́ gbogbo yín fún bàbá wọn, mo kà á fún un láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Lọ́yà ti sọ̀rọ̀, ó ní kí n dúró ná, ó jáde lọ sí ìta, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Ọjọ́ Àìkú la jókòó, a pe gbogbo ilé. Àwa méjèèjì la kọ́kọ́ bẹ ọmọbìnrin yẹn níwájú àwọn ọmọ. Bàbá wọn ló sọ ọ́: "A ṣèlérí fún ìyá rẹ, a ò mú un ṣẹ. A sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa bá ọ sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀." Ọmọ mi ọkùnrin ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọbìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó bi wá pé ṣé òun ṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti JSS 1 pẹ̀lú ọjọ́ orí òun.

Ó ti wọlé. Ilé ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí wa gbà á, a sì gba olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní ọgbà wa ló ń tọ́jú àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n bá dé títí di aago 6, a ń san owó fún wọn. Bàbá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, ó ń tètè dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìnáwó náà kò rọrùn, a ti dá iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí mọ́tò dúró. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọmọ, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kò fọ ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó fọ̀ ọ́ lálẹ́ patapata, òjò sì ń rọ̀, kò gbẹ. Ó wọ èyí tó tutù lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀yin ará, mo di áyọ́ọ̀nù mú lọ́wọ́, mo tún gbé e kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fọ tọjọ́ kejì kó tó bọ́ aṣọ ilé ìwé. Àwo, bàbá rẹ̀ ló fi hàn án. Àwọn méjèèjì máa ń dúró nídìí síńkì lálẹ́, mo sì máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ó ń pè é ní àǹtí báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń fi agídí sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi pé ìwé ìṣirò àǹtí ti ya, ṣé a lè ra tuntun fún wọn. "Fún wọn" ló sọ. Mi ò fi hàn án pé mo gbọ́ ọ.

Ti àbúrò rẹ̀ ló ṣì kù. Ó ṣì ń pàṣẹ fún un, ó ṣì ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A ń gbìyànjú ọgbọ́n Ìyá Ìbejì, nígbà mìíràn ó ń ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á máa sunkún.

Nọ́ọ̀sì Mínnà

Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Ìwẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ire (Kúbwà)

Ó ń dá wẹ̀. Ẹ̀yìn etí ni mo ṣì ń yẹ̀ wò.

Dádì Ṣadé (Karu)

Ìyá Ire, ọmọ tèmi kò ga, ọwọ́ rẹ̀ kì í tó ẹ̀rọ omi. Kí ni tiyín ń dúró lé nídìí síńkì?

Ìyá Ire (Kúbwà)

Àpótí onígi ni. Kápẹ́ńtà kan ní ọjà Kúbwà ló kàn án fún wa, ẹ ní kó fi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà yọ̀. Méjì la ní kó kàn, àbúrò rẹ̀ ní òun náà fẹ́ tòun.